Àlàfo inú Ìwé Iṣẹ́: Ìtàn Owó Ìfẹ̀yìntì ní Ìlú Jọ́ọ̀sì

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ni kì í ronú kan owó ìfẹ̀yìntì rárá. Ẹni tí kò tí ì gba owó oṣù àkọ́kọ́, kí ni ó kàn án nínú owó tí à ń gbà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún? Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá ti rí àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì níbi tí wọ́n tò sí ní ọjọ́ àyẹ̀wò, tí oníkálukú wọn di àpò ọ̀rá kan mọ́ àyà, yóò ti ṣe àkíyèsí pé ìwé ni ó kún inú àpò náà: ìwé ìgbanisíṣẹ́, ìwé tí ó fi iṣẹ́ múlẹ̀, ìwé ìgbéga, ìwé tí a fi gbé wọn láti ọ̀dọ̀ ìjọba kan lọ sọ́dọ̀ òmíràn. Ibi tí ọ̀kan bá ti sọnù nínú wọn ni à ń pè ní àlàfo. Ìtàn àlàfo yìí ni mo fẹ́ sọ, ìlú Jọ́ọ̀sì tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ni mo sì fẹ́ fi sọ ọ́, nítorí pé èmi kò mọ ìlú mìíràn tí a ti gé iṣẹ́ òṣìṣẹ́ sí wẹ́wẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí nínú ìtàn náà ni pé òṣìṣẹ́ kọ́ ni ó sábà máa ń dá àlàfo sílẹ̀. Ẹni tí gègé ìkọ̀wé wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni, síbẹ̀ òṣìṣẹ́ ni a máa ń pè pé kí ó wá dí i.

Kí ọ̀rọ̀ lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a mọ̀ pé oríṣi owó ìfẹ̀yìntì méjì ni ó ti wà ní ilẹ̀ wa. Nínú èkíní, òṣìṣẹ́ kì í dá owó kankan. Ìjọba ni ó ń san án láti inú àpò rẹ̀, iye ọdún tí ènìyàn sì fi ṣiṣẹ́ ni a fi ń ṣírò rẹ̀. Nínú èkejì, òṣìṣẹ́ ń dá díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀, agbanisíṣẹ́ ń fi tirẹ̀ kún un, a sì ń kó o jọ sí ibì kan di ọjọ́ alẹ́. Bí wọ́n ti yàtọ̀ tó, orí ohun kan náà ni àwọn méjèèjì dúró lé, èyí ni àkọsílẹ̀. Bí kò bá sí ìwé tí ó sọ pé o ṣiṣẹ́ ní ọdún kan, o kò ṣiṣẹ́ ní ọdún náà.

Kùsà ni ó kó ènìyàn lọ sí Jọ́ọ̀sì. Àwọn Haúsá ní ọ̀rọ̀ kan, kuza, tí wọ́n ń pe ohun àlùmọ́ọ́nì tí à ń yọ tánńganran jáde nínú rẹ̀, ó sì dà bí ẹni pé láti ẹnu wọn ni ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ sínú èdè tiwa, tí ó fi di pé gbogbo ohun tí a bá ń wà nínú ilẹ̀ ni à ń pè ní kùsà lónìí. Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí wa kùsà yìí ní Náráguta àti Bùkúrù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ìjọba la ọ̀nà rélùwéè tóóró kan láti Zaria wá sí Bùkúrù. Ọdún 1914 ni ó parí, ọdún 1957 ni wọ́n sì ti í pa. Ní ọdún 1927, ọ̀nà ńlá ti Kafanchan wọ Jọ́ọ̀sì. Orí ọ̀nà wọ̀nyí ni àwọn ènìyàn wa bá dé: àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà, àwọn àkọ̀wé, àwọn káfíńtà, àwọn oníṣẹ́ rélùwéè. Ibi tí rélùwéè parí sí náà ni ó sọ àárín ìlú lórúkọ, Tẹ́mínọ́ọ̀sì, orúkọ tí kò sì tí ì kúrò lẹ́nu àwọn ará Jọ́ọ̀sì títí di òní.

Àwọn lébìrà tí ó wa kùsà náà kò mọ ohun tí ó ń jẹ́ owó ìfẹ̀yìntì. Owó ojúmọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà, òmíràn sì wà tí a ń sanwó fún gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n kùsà tí ó bá gbé wá sórí òṣùwọ̀n. Nígbà ogun Hitler, láti ọdún 1942 títí di 1944, ìjọba òyìnbó fi agbára kó àwọn àgbẹ̀ láti oríṣiríṣi apá ilẹ̀ Àríwá lọ sí ibi ìwakùsà wọ̀nyí, nítorí pé àwọn ará Japan ti gba Málàyà níbi tí tánńganran ti ń wá. Iye àwọn tí wọ́n kó tó ọ̀kẹ́ márùn-ún. Ọ̀pọ̀ kú síbẹ̀, àwọn ìyókù padà sí oko wọn. Bí a bá ní kí a máa wá àlàfo, èyí ni ó tóbi jù lọ nínú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó pè é ní àlàfo, nítorí pé kò sí ìwé kankan tí ó yẹ kí wọ́n ti wà nínú rẹ̀.

Ní ọdún 1951 ni òfin owó ìfẹ̀yìntì àkọ́kọ́ dé fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní ilẹ̀ Nàìjíríà, wọ́n sì mú un ṣiṣẹ́ padà sẹ́yìn láti ọjọ́ kìíní ọdún 1946. Ìrọ̀rùn àwọn òyìnbó tí ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́ níhìn-ín ni wọ́n kọ́kọ́ rò nígbà tí wọ́n ṣe é. Kì í ṣe ẹ̀tọ́ ni òfin yìí pe owó náà. Ìjọba ló lè fi fún ọ, òun náà ló sì lè fi dù ọ́. Kì í sì í ṣe gbogbo ipò ni ó wà fún. Ẹni tí ń gba owó ojúmọ́ lè ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún lórí ọ̀nà rélùwéè, kí ó sì jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n bá tó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn òṣìṣẹ́ tí ó dúró déédéé ni ọdún rẹ̀ àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Níhìn-ín ni mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ kan tí kò wọ́pọ̀ nínú ìwé ìtàn tiwa. Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀dọ́mọkùnrin méjì, ọ̀kan láti Ọ̀fà, ọ̀kan láti Ògbómọ̀ṣọ́. Èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, ilé kan náà ni wọ́n háyà ní Jọ́ọ̀sì, ilé-ìwé kan náà ni ó sì fún wọn ní ìwé-ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba Ẹkùn Àríwá gbé ìlànà rẹ̀ jáde láàárín ọdún 1950 sí 1960, pé ọmọ Àríwá ni kí á kọ́kọ́ gbà sí iṣẹ́ ìjọba Ẹkùn náà, pé bí a kò bá rí i kí á gba òyìnbó tàbí ará ibòmíràn pẹ̀lú àdéhùn ọlọ́dún mélòó kan, ọmọ Ọ̀fà wà nínú ilé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ wà ní ìta. Ìdí ni pé Ọ̀fà wà lábẹ́ Ìlọrin, Ìlọrin sì wà ní Ẹkùn Àríwá, nígbà tí Ògbómọ̀ṣọ́ wà ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Ẹni tí ó wà lórí àdéhùn kò ní owó ìfẹ̀yìntì. Owó àdéhùn rẹ̀ ni yóò gbà ní òpin ọdún tí wọ́n dá fún un, ó sì lè jẹ́ pé ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ parí sí. Ọ̀pọ̀ ará Gúúsù ni wọ́n dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ ní àkókò yìí. Àwọn kan nínú wọn padà sílé lọ gba iṣẹ́ ní Ìbàdàn, àwọn kan wọ ilé-iṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ bí rélùwéè àti ilé ìfìwéránṣẹ́, níbi tí ìlànà náà kò dé, àwọn kan sì wọ ilé-iṣẹ́ aládàáni. Gbogbo ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni ó fi ọdún mélòó kan sílẹ̀ sẹ́yìn tí kò bá èyí tí ó tẹ̀lé e so pọ̀. Ìlà tí òyìnbó fà sórí máàpù láàárín Ìlọrin àti Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó yọ jáde nínú ìwé iṣẹ́ ènìyàn ní Jọ́ọ̀sì, ibi tí ó jìnnà réré sí ìlú méjèèjì.

Fún àwọn tí ó wọ ilé-iṣẹ́ aládàáni, ìrètí kan yọ ní ọdún 1961 nígbà tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin tí ó dá National Provident Fund sílẹ̀, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní NPF. Òṣìṣẹ́ yóò máa dá díẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ yóò máa fi irú rẹ̀ kún un. Nígbà tí ó bá di ẹni ọdún 55, wọn yóò kó gbogbo rẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan náà. Èrò náà dára. Ṣùgbọ́n wọ́n fi òkè dé e: lẹ́yìn tí a bẹ̀rẹ̀ sí ná náírà, ohun tí ó pọ̀ jù tí à ń gbà ni ₦4 lóṣù lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ àti ₦4 lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ bí olùkọ́ ìṣirò. ₦8 lóṣù jẹ́ ₦96 lọ́dún. Bí ènìyàn bá dá a láìsí àlàfo kankan láti ọdún 1973 títí di 1993, ogún ọdún gbáko, ₦1,920 ni gbogbo rẹ̀, yàtọ̀ sí èlé kékeré tí wọ́n bá fi kún un. Ní ọdún 1981, òfin ti sọ pé owó oṣù tí ó kéré jù lọ ní Nàìjíríà kò gbọdọ̀ dín ní ₦125. Lẹ́yìn tí náírà sì já wálẹ̀ láti ọdún 1986, kò sí ẹni tí ó lè pe ₦1,920 ní owó ọjọ́ ogbó.

Àlàfo inú NPF ní oríṣi méjì. Èkíní ni ti ọ̀gá tí ó gé owó lára owó oṣù tí kò sì fi í ránṣẹ́. Òṣìṣẹ́ kò ní ọ̀nà láti mọ̀, nítorí pé ìwé owó oṣù rẹ̀ fi hàn pé wọ́n ti gé e. Èkejì ni ti orúkọ. Àṣà àwọn Haúsá ni láti fi orúkọ ìlú kún orúkọ ènìyàn, àwọn akọ̀wé ibi ìwakùsà sì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ẹni tí ó bá dé iwájú wọn. Ẹni tí ń jẹ́ Lawani lónìí lè di Lawal lọ́la, kí ó di Lawan ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Ènìyàn mẹ́ta ni wọ́n lójú ìwé, kò sì sí èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ pé nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé tiwa. Bàbá tí ó bí ìyá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, bá ilé-iṣẹ́ ìwakùsà kan tí n kò ní dárúkọ ṣiṣẹ́ lẹ́bàá Bùkúrù fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún. Orúkọ ìlú wa ni wọ́n kọ ní ipò orúkọ bàbá rẹ̀. Nígbà tí ó tó àkókò láti gba owó rẹ̀, ó hàn pé ọdún mẹ́fà wà tí ọ̀gá rẹ̀ kò fi kọ́bọ̀ kan ránṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ náà sì ti kógbá sílé. Àpótí onírin kan wà ní ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì bàbá àgbà tí àwa ọmọ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Inú rẹ̀ ni àwọn àpò ìwé tí wọ́n fi ń sanwó oṣù fún un wà, tí a kọ iye tí wọ́n gé sí ara rẹ̀. Pẹ̀lú ìyẹn, àti ẹ̀rí àwọn alábàáṣiṣẹ́ méjì tí wọ́n lọ búra ní kóòtù, a rí ọdún mẹ́rin dí nínú mẹ́fà. Bí a bá fi òkè téńté rẹ̀ ṣírò, ₦192 ni ọdún méjì tí ó kù. Owó ọkọ̀ tí ó ti ná ju èyí lọ. Ìyá mi ní òun bi í léèrè ìdí tí ó fi ń bá a lọ, ó sì dá òun lóhùn pé òun ṣe iṣẹ́ ọdún méjèèjì náà.

Bí ilé-iṣẹ́ náà ti kógbá sílé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nìkan. Ìwakùsà ti ń rẹlẹ̀ ní Jọ́ọ̀sì láti bí ọdún 1970. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1985, àjọ tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń dúró ti iye owó tánńganran lágbàáyé, tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, kò lè san gbèsè rẹ̀ mọ́. Iye tánńganran wó lulẹ̀, ó sì wó lé ibi ìwakùsà tí ó kù lórí. Bí ilé-iṣẹ́ bá kú, ẹ̀rọ rẹ̀ ni a ń tà. Ta ni yóò ra ìwé orúkọ òṣìṣẹ́?

Bí ó ti rí ní ẹ̀gbẹ́ aládàáni nìyí. Ẹni tí ó bá rò pé ará ọ̀dọ̀ ìjọba bọ́ nínú rẹ̀, kí ó wo bí a ti pín ilẹ̀ Jọ́ọ̀sì. Títí di ọdún 1967, Kaduna ni olú-ìlú Ẹkùn Àríwá, níbẹ̀ sì ni fáìlì gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ wà. Ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún náà, Yakubu Gowon dá ìpínlẹ̀ méjìlá sílẹ̀, Jọ́ọ̀sì sì di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Benue-Plateau. Ní oṣù kejì ọdún 1976, a ya Benue kúrò lára Plateau. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996, a tún yọ Nasarawa kúrò lára Plateau. Olùkọ́ tí wọ́n gbà ní ọdún 1962 tí ó sì ṣiṣẹ́ tí ó pé ọdún 35 ti sin ìjọba mẹ́ta tàbí mẹ́rin láìjẹ́ pé ó kúrò ní kíláàsì rẹ̀. Ọmọ Ọ̀fà tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Nígbà tí Ìlọrin di olú-ìlú ìpínlẹ̀ tirẹ̀, ọ̀pọ̀ irú wọn ni ó padà lọ sin ìpínlẹ̀ wọn. Òfin ní kí á so ọdún iṣẹ́ wọn pọ̀, kí àwọn ìjọba sì pín ẹrù owó náà láàárín ara wọn gẹ́gẹ́ bí ọdún tí oníkálukú jẹ nínú iṣẹ́ wọn. Ìyẹn ni pé ìwé gbọ́dọ̀ rìn láti Kaduna dé Jọ́ọ̀sì, kí ó tún ti Jọ́ọ̀sì dé Ìlọrin. Àwọn ènìyàn tètè dé. Fáìlì kò yá lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí kò bá mọ ìṣirò rẹ̀ lè rò pé ọdún kan tàbí méjì kò tó nǹkan. Òfin ọdún 1979, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti oṣù kẹrin ọdún 1974, sọ pé ọdún 10 ni ènìyàn gbọ́dọ̀ fi ṣiṣẹ́ kí ó tó gba gírátúítì, ọdún 15 kí ó tó ní owó ìfẹ̀yìntì olóṣooṣù. Láti oṣù kẹfà ọdún 1992, wọ́n sọ ọ́ di ọdún 5 àti ọdún 10. Nínú ìlànà kejì yìí, ẹni tí ó ṣiṣẹ́ ọdún 10 yóò máa gba ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ ìkẹyìn, ẹni tí ó ṣe ọdún 35 yóò máa gba ìdá 80. Ọdún kọ̀ọ̀kan láàárín wọn mú ìdá 2 wá. Nítorí náà, ọdún mẹ́fà tí fáìlì rẹ̀ bá há sí Kaduna yóò mú ìdá 12 kúrò nínú ohun tí ẹni náà yóò máa gbà lóṣooṣù títí tí yóò fi kú. Ẹni tí ó sì ṣiṣẹ́ ọdún 15, tí a kò rí ìwé ọdún mẹ́fà rẹ̀, kò ní owó ìfẹ̀yìntì rárá, nítorí pé ọdún mẹ́sàn-án ni ó kù sí i lọ́wọ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń dí i? Ọ̀nà tí ó dára jù ni gásẹ́ẹ̀tì, ìwé ìkéde ìjọba. Nígbà ayé Ẹkùn Àríwá, bí wọ́n bá gba òṣìṣẹ́, bí wọ́n bá fi iṣẹ́ rẹ̀ múlẹ̀, bí wọ́n bá gbé e ga, wọ́n máa ń tẹ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ rẹ̀ sínú gásẹ́ẹ̀tì. Ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Kaduna ní púpọ̀ nínú wọn. Àwọn àgbà tí ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀, wọn a ṣí ojú ìwé títí wọn yóò fi rí ìlà kan tí ó ní orúkọ wọn, wọn a sì gba ẹ̀dà rẹ̀. Àwọn tí kò mọ̀ a lọ sí kóòtù láti búra. Ti ọjọ́ orí rọrùn díẹ̀ fún ẹni tí ó bá jẹ́ ọmọ ìjọ, nítorí pé ìwé ìrìbọmi wà. Ẹlòmíràn a mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá búra pé ọdún báyìí ni a bí àbúrò òun.

Iná náà jẹ́ ọ̀tá ìwé. Nígbà ìjà tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní Jọ́ọ̀sì ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, àti èyí tí ó tẹ̀lé e ní oṣù kọkànlá ọdún 2008 àti oṣù kìíní ọdún 2010, ọ̀pọ̀ ilé ni ó jóná. A ka òkú, a ka ilé, a ka ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Èmi kò tí ì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni ka àpótí onírin.

Àlàfo kan wà tí ìwé nìkan kò lè dí. Ní ọdún 1966, wọ́n pa àwọn Ìgbò ní Jọ́ọ̀sì bí wọ́n ti pa wọ́n ní ìlú Àríwá mìíràn, àwọn tí ó yè sá padà sí Ìlà-Oòrùn. Òṣìṣẹ́ ìjọba àti òṣìṣẹ́ rélùwéè pọ̀ nínú wọn. Nígbà tí ogun parí ní ọdún 1970, ìjọba ṣe òfin tí ó fi lé ọ̀pọ̀ àwọn tí ó sin Biafra kúrò lẹ́nu iṣẹ́, a kò sì kà wọ́n sí òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2000 ni Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ tó sọ ìléjáde náà di ìfẹ̀yìntì, kí wọ́n lè gba ẹ̀tọ́ wọn. Ọgbọ̀n ọdún ni ó gbà kí á tó yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú ìwé wọn, àwọn tí wọ́n sì yí i padà fún ti di arúgbó tàbí ti di olóògbé.

Ní ti NPF, ìjọba sọ ọ́ di NSITF pẹ̀lú òfin ọdún 1993, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1994, pé kí òṣìṣẹ́ máa gba owó olóṣooṣù dípò owó ẹ̀ẹ̀kan. Ọdún mẹ́wàá péré ni èyí lò. Òfin ọdún 2004 dé, ó ní kí olúkúlùkù òṣìṣẹ́ ní àkáǹtì tirẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà tí yóò máa bá a lọ sí ibikíbi tí ó bá ti ń ṣiṣẹ́, owó àwọn tí ó wà nínú NSITF àtijọ́ sì bọ́ sí ìkáwọ́ ilé-iṣẹ́ Trustfund. Nọ́ńbà kan fún gbogbo ọjọ́ ayé ènìyàn: bí ó bá ti wà láti ọdún 1961, Lawani, Lawal àti Lawan ì bá ti jẹ́ ènìyàn kan. Òfin ọdún 2014 sọ pé òṣìṣẹ́ yóò dá ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, agbanisíṣẹ́ yóò dá ìdá 10, ọ̀gá sì gbọ́dọ̀ fi owó náà ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje tí ó bá ti sanwó oṣù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò san owó ìtanràn tí kò dín ní ìdá 2 lóṣù. Òṣìṣẹ́ lè wo àkáǹtì rẹ̀ kí ó rí oṣù tí owó kò wọlé. Ìtẹ̀síwájú gidi ni èyí jẹ́, n kò ní fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti rí àlàfo yàtọ̀ sí láti dí i. Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ kan wà tí wọ́n ń gé owó yìí lára olùkọ́ tí wọn kò sì fi í ránṣẹ́, ta sì ni olùkọ́ kan tí yóò fi ìjọba rẹ̀ sun?

Ẹni tí ó bá ní ìbátan ní Ìlú Ọba yóò ti gbọ́ pé níbẹ̀, wọ́n lè fi owó ra ọdún tí ó ṣófo. Òótọ́ ni. Láti ọdún 2016, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ inú ìlànà tuntun wọn nílò ọdún 35 kí ó tó gba owó ìfẹ̀yìntì ìjọba ní kíkún, kò sì gbọ́dọ̀ dín ní ọdún 10 kí ó tó gba nǹkan kan. Ẹni tí ọdún rẹ̀ kò pé lè san owó àfínnúfíndọ̀ṣe láti dí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Wọ́n tilẹ̀ fi àyè sílẹ̀ títí di ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2025 fún àwọn tí àlàfo wọn ti wà láti ọdún 2006. Púpọ̀ nínú àwọn Yorùbá tí ó lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ orí 30 tàbí 40 ni ọ̀rọ̀ yìí kàn gbọ̀ngbọ̀n. Bí wọ́n bá sì padà wá sinmi ní Ògbómọ̀ṣọ́, iye tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí gbà ní Nàìjíríà ni yóò dúró sí, kò ní máa gòkè lọ́dọọdún bíi ti àwọn tí ó dúró sọ́hùn-ún. Ìyàtọ̀ tí mo fẹ́ kí a rí ni pé ọdún tí a kò dá owó ni wọ́n ń rà níbẹ̀. Ní Jọ́ọ̀sì, ọdún tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán, tí a ti gé owó rẹ̀, ni à ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999, ní ẹsẹ̀ 173 fún Ìjọba Àpapọ̀ àti ẹsẹ̀ 210 fún ìpínlẹ̀, sọ pé a kò gbọ́dọ̀ fi owó ìfẹ̀yìntì du ẹni tí ó tọ́ sí láìsí àṣẹ òfin, pé a sì gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún. Ó ti yàtọ̀ sí ti ọdún 1951. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ méjèèjì kò sọ ẹni tí yóò pa ìwé mọ́. Ní èrò tèmi, ẹni tí ó gé owó, tí ó fọwọ́ sí ìgbanisíṣẹ́, tí ó pín ìpínlẹ̀, ni ó yẹ kí á ní kí ó fi ẹ̀rí hàn pé arúgbó kan kò ṣiṣẹ́. Kò yẹ kí arúgbó máa rìn kiri láti fi hàn pé òun ṣe é. Nígbà tí n kò tí ì rí òfin tí ó sọ bẹ́ẹ̀, Kaduna ni wọ́n ṣì ń lọ. Ẹni tí ó bá jẹ́ akọ̀wé tàbí olùkọ́ nígbà náà lè rí orúkọ rẹ̀ nínú gásẹ́ẹ̀tì. Orúkọ àwọn lébìrà kò sí níbẹ̀.